Yorùbá Ronú: Eré Tí Ìjọba Lé Kúrò Ní Ilé Rẹ̀

Nínú gbogbo eré olórin tí a ti ṣe lórí ìtàgé ní ilẹ̀ Yorùbá, bóyá ni a fi lè rí ọ̀kan tí ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìtàgé kúrú tó, tí òkìkí rẹ̀ sì pẹ́ nílẹ̀ tó, ti Yorùbá Ronú tí Olóyè Hubert Ògúndé gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré tí ó ṣe eré náà kò bófin mu mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Láti ìgbà náà ni orúkọ eré yìí ti kúrò ní orúkọ eré, tí ó di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò. Àwọn olóṣèlú fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn fi ń ṣe àkọlé. Àwọn àgbà fi ń kádìí àròyé. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà gan-an, ta ni ó ṣe kí ni fún ta ni, díẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti ìtàn Yorùbá gbé eré náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ohun ìtàn, kí a wo inú ọ̀ràn tí ó ti jáde, kí a sì wo ìdí rẹ̀ tí orin àti ijó fi lè ba ìjọba lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀sọ́sà ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde ni Ògúndé. Ọdún 1916 ni a bí i. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ni ó ṣì jẹ́ nígbà tí ó ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní oṣù Òkúdu ọdún 1944, láti fi wá owó ìkọ́lé fún ìjọ Aládúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ìpinnu ńlá ni èyí ní ìgbà náà. Ní ojú ọ̀pọ̀ òbí, alágbe ni ẹni tí ó bá ń ti ìlú dé ìlú kọrin gba owó, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun obìnrin bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn.

Àwọn tí ó mọ eré Ògúndé yóò rántí bí a ti ń tò ó. Orin ìṣíde ni yóò kọ́kọ́ wáyé, tí àwọn òṣèré yóò jó jáde, tí wọn yóò kí àwọn ènìyàn, tí wọn yóò sì sọ ohun tí eré ọjọ́ náà dá lé. Eré gan-an yóò tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré jẹ́. Nígbà tí ó yá ni ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè lọ́wọ́ orin. Ní ìparí, orin mìíràn yóò wáyé tí yóò so ẹ̀kọ́ eré náà pọ̀. Ẹ kíyè sí ètò yìí dáadáa, nítorí pé ó wúlò fún ohun tí a fẹ́ sọ. Orin ìṣíde kì í ṣe apá kan nínú ìtàn tí eré ń sọ. Òṣèré ń bá àwọn tí ó jókòó sọ̀rọ̀ tààrà níbẹ̀ ni, ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó tó gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Nítorí náà, eré Ògúndé kan lè fi òwe bo ojú ìtàn rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n orin ìṣíde rẹ̀ a ti tú aṣọ lójú òwe náà kí òwe tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjọba yóò fòfin de eré rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1945 nítorí pé owó oṣù kò ká ọ̀wọ́n ọjà tí ogun Hitler dá sílẹ̀ mọ́, Ògúndé gbé eré Strike and Hunger jáde lórí ọ̀ràn náà. Àwọn aláṣẹ dá a dúró ní Jos ní ọdún 1946. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 sì kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde, wọ́n sì fòfin dè é ní Kano. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Òyìnbó ni ó fòfin de àwọn eré wọ̀nyẹn, ní ìlú tí ó jìnnà sí ilé. Ti ọdún 1964 yàtọ̀: ọmọ Yorùbá ni ó fòfin de eré Yorùbá, ní ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn tí òmìnira ti dé. Kò sì sí ẹnì kankan tí ó lè sọ pé àwọn tí ó pàṣẹ náà kò gbọ́ èdè.

Kí a tó lè mọ ohun tí wọ́n gbọ́, a ní láti rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1959. Ní ìparí ọdún náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, tí ó lọ díje sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Action Group, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re ní èdè wa, kò rí ìjọba àpapọ̀ gbà, òun fúnra rẹ̀ sì di olórí àwọn alátakò ní Èkó. Igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni ó gba ipò tí ó fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin méjì tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ni. Èrò wọn ni ó yà. Akíntọ́lá rò pé àǹfààní wà nínú kí àwọn Yorùbá bá àwọn tí ó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ rẹ́, kí wọ́n lè rí ìpín tiwọn gbà nínú ipò àti iṣẹ́. Awólọ́wọ̀ kò gbà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe àpérò ní Jos ní oṣù Èrèlé ọdún 1962, ìjà náà ti kúrò nínú yàrá, ó ti bọ́ sí gbangba.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yára. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1962, Gómìnà ẹkùn náà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Akíntọ́lá kúrò nípò nítorí ìwé kan tí àwọn aṣòfin tí ó ju 60 lọ fọwọ́ sí, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbénró sí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Wọ́n ń sọ àga lu ara wọn títí àwọn ọlọ́pàá fi fi afẹ́fẹ́ tajútajú lé wọn jáde. Ìjọba Àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó ẹkùn náà títí ọdún fi parí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ náà fún Adégbénró ní ọdún náà, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn ti yára tún òfin ẹkùn náà ṣe, ẹjọ́ náà kò sì lè bí ohunkóhun. Ní oṣù Ògún, wọ́n gé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ilé ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ọ̀tẹ̀ sí ìjọba.

Bí ọ̀ràn ti rí nìyí nígbà tí wọ́n pe Ògúndé. Àwọn ènìyàn Akíntọ́lá ti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún àṣà àti ìṣọ̀kan àwọn Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, kí ó lè jẹ́ orogún fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945. Ohun ìyanu ni, bí a bá rò ó, pé Ọlọ́fin àti Odùduwà ẹnì kan náà ni. Baba kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pè, ọ̀kan pè é ní orúkọ, èkejì pè é ní oyè. Eré ìṣọ̀kan ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ Ògúndé fún ayẹyẹ ẹgbẹ́ tuntun yìí, nítorí pé òun ni ó ṣe eré Song of Unity nígbà òmìnira ní ọdún 1960. Ó sì ṣe eré ìṣọ̀kan fún wọn lóòótọ́. Gbọ̀ngàn Ọbísẹ̀san ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, Olórí Ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Eré kò tíì parí tí ó fi dìde tí ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìtàn inú eré náà kò lọ́jú pọ̀. Ọba kan wà tí ó ń jẹ́ Fìwàjoyè, tí ó ń ṣe àkóso àwọn Yorùbá, tí ìlú sì ń tòrò lábẹ́ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀: ó lọ mulẹ̀ pẹ̀lú ọba ilẹ̀ mìíràn tí ó jẹ́ ọ̀tá Fìwàjoyè. Wọ́n mú ọba náà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ pàtàkì, wọ́n jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n, igbákejì sì gorí àga. Ṣùgbọ́n àga tí ẹlòmíràn fi ẹnì jókòó sí, ẹni náà ni yóò máa sọ bí a ó ti jókòó. Ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ará ìlú, títí wọ́n fi dìde, tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn tí ó ń ni wọ́n lára, tí wọ́n sì tú Fìwàjoyè sílẹ̀. Orin tí orúkọ eré náà ti wá ń kédàárò bí ẹ̀yà tí ó ti wà níwájú ṣe di ẹ̀yìn nítorí àìgbọ́ra-ẹni-yé, ó sì ń bẹ gbogbo ọmọ Yorùbá kí wọ́n rò ó wò.

Kò sí orúkọ alààyè kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Òwe wa sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Akíntọ́lá kì í sì í ṣe ẹni tí a lè fi òwe bò lójú. Ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service rí, kò sì sí olóṣèlú ìgbà náà tí ó mọ èdè Yorùbá lò jù ú lọ. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí ó ń dá lórí pèpéle ìpolongo ni àwọn ènìyàn ṣì ń tún sọ lẹ́yìn tí ó ti kú. Èmi rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún. Ẹni tí kò gbọ́ òwe lè jókòó títí eré yóò fi parí, kí ó sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀ràn Àfọ̀njá tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí ó jókòó ní Gbọ̀ngàn Ọbísẹ̀san ti ka ìwé ìtàn Johnson tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, tàbí ó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹni tí ó kà á: bí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣe ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Awólẹ̀, bí ó ti ké sí Àlímì ará Fúlàní láti ràn án lọ́wọ́ ní Ìlọrin, bí Awólẹ̀ ti fi èpè lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ó tó kú, bí àwọn tí Àfọ̀njá ké sí ti pa òun náà nígbẹ̀yìn, tí Ìlọrin sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Igbákejì tí ó lọ ké sí àjèjì láti fi gba ipò ọ̀gá rẹ̀: ẹni tí ó bá sọ èyí fún ọmọ Yorùbá kò tún ní láti sọ ìyókù. Ní ọdún 1964, Ìlọrin ṣì wà lábẹ́ Òkè Ọya, Sàdáúnà tí ó ń ṣe olórí ìjọba Òkè Ọya sì jẹ́ àtọmọdọ́mọ Usman dan Fodio. Nítorí náà, nǹkan méjì ni eré náà fi dá aṣọ kan: ọ̀ràn ọdún méjì sẹ́yìn, àti ọ̀ràn bí 140 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí ó ń wò ó rí èkejì láti inú èkíní. Bí ẹni pé ìtàn fẹ́ fi òṣèré ṣẹ̀sín, kí ọdún náà tó parí ni wọ́n fi Akíntọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tí ẹnì kankan kò tíì jẹ láti ìgbà tí Látọ̀ọ́sà ti Ìbàdàn ti kú ní ọdún 1885.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa eré yìí sọ pé ohun tí ó bí ìjọba nínú ni pé Ògúndé fi dígí hàn wọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé òun ni ó tóbi jù. Ìdajì àkọ́kọ́ eré náà kò sọ ohun tí àwọn ènìyàn kò ti mọ̀. Ìwé ìròyìn ti sọ ọ́, àwọn alátakò ti sọ ọ́ nínú Ilé Aṣòfin, àwọn ọlọ́jà ti sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ìparí rẹ̀. Ní òru tí wọ́n ṣe eré náà, Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, ọdún 10 náà kò sì tíì gé rárá. Lórí ìtàgé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ọba jáde, ìlú gbà á padà, àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ sì ti ṣubú. Eré onítàn a máa dúró níbi tí ìtàn dúró sí. Eléyìí kò dúró: ó fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn, ó sì gùn ún dé ibi tí ìtàn kò tíì dé. Ìjọba tí ó ń bẹ̀rù ọjọ́ ọ̀la lè fara da ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àná. Ẹni tí ó ń fi ọ̀la ṣeré lójú wọn ni wọn kò lè fara dà.

Àṣẹ náà fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò. Wọn kò sọ pé kí a má ṣe eré kan báyìí mọ́, tàbí kí a yọ orin kan kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré náà di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe fún ẹgbẹ́ olè tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Nítorí náà, eré tí Ògúndé ti ṣe fún ogún ọdún ni a tì mọ́ òde pẹ̀lú Yorùbá Ronú, títí kan àwọn tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Ọ̀kan lára àkọ́kọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ní Nàìjíríà olómìnira.

Kí ẹ tó lè mọ bí ó ti dun ẹgbẹ́ náà tó, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ ìgbà náà. Èkó ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, Èkó sì wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ nígbà náà. Òfin Ìbàdàn kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Mushin. Ìkẹjà, Agége, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, ti Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wọn. Òṣèré Ògúndé lè ti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta rìn ní ẹsẹ̀ dé ibi tí orin rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Oǹdó, Adó-Èkìtì, gbogbo ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì láti wo eré lédè Yorùbá, ti kọjá agbára wọn. Kò lè ṣeré ní Ọ̀sọ́sà tí a bí i sí. Ẹgbẹ́ tí ó ń jẹun láti inú ìrìnàjò ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, tí àwọn ìyàwó àti ọmọ olórí ẹgbẹ́ náà sì wà lára òṣèré rẹ̀. Ẹni tí a bá gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn tí ó ṣòfin kò rò dáadáa. Wọ́n lè dá ọkọ̀ òṣèré dúró ní ibodè, ṣùgbọ́n orin ti wà nínú àwo. Wọ́n ti gba orin Yorùbá Ronú sílẹ̀ fún ẹ̀rọ giramafóònù, àwo náà sì ń tà. Ẹ̀yà eré tí kò ní aṣọ, tí kò ní ijó, tí kò ní Fìwàjoyè, ni ó ń wọ ilé àwọn ènìyàn. Èyí ni ó fà á, lójú tèmi, tí orin náà fi gbajúmọ̀ tí ìtàn inú eré náà sì fi di ìgbàgbé. Òfin yẹn pín eré náà sí méjì. Ó pa èyí tí ó ní ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kí èyí tí ó ní ohùn máa lọ.

Àwọn kan lè béèrè bóyá Ògúndé kò ti kọjá àyè rẹ̀. A pè é síbi ayẹyẹ, ó sì bú olóòde. Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àṣà wa sọ. Ọba kì í pòkorin: èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé fún akọrin lásán, òfin ìlú ni. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti Kétu, ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru, a máa tú àṣírí ẹni ńlá àti ẹni kékeré, ilẹ̀ a sì mọ́ láìsí ẹjọ́. Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ṣe eré yìí gan-an, ọjọ́ kan wà nínú ọdún, ọjọ́ Òkèbàdàn, tí ẹnikẹ́ni lè fi orin bú ẹni tí ó bá wù ú, kí ẹni náà sì gbé e mì. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, àwọn eléégún ṣeré níwájú Aláàfin fún un, wọ́n sì mú òyìnbó jáde nínú eré náà, funfun báláú, tí ó ń gbọ̀n bí ẹni òtútù ń mú. Àlejò ọba ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ yẹn, lójú ọba, lójú àlejò. Clapperton kò dìde.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi àṣà tan ara wa. Ààyè tí àṣà fi sílẹ̀ fún òkorin ní ààlà: ọjọ́ kan ni, òru kan ni, lábẹ́ ọ̀wọ̀ òrìṣà tàbí eégún. Ògúndé kò ní eégún lórí. Ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè ṣe eré kan náà lóṣooṣù ní gbogbo ìlú, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ sínú àwo. Ẹ̀tọ́ tí òkorin àtijọ́ ní fún ọjọ́ kan ni òkorin tuntun ń béèrè fún gbogbo ọdún. Ìyẹn ni ìjọba kọ̀. Èmi kò gbà pé wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n ní láti dáhùn, àṣà àtijọ́ kò sì ní ìdáhùn kan tí ó ṣetán fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò sì gbọdọ̀ gbé eré náà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀. Nínú ìtàn ọba rere àti igbákejì búburú, kò sí àyè fún ìwádìí Coker ti ọdún 1962, tí ó dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi lórí bí a ti ná owó ẹkùn náà. Kò sí àyè fún ìbéèrè tí Akíntọ́lá ń béèrè, tí kò tíì tán títí di òní, pé kí ni ẹ̀yà kan yóò jẹ bí ó bá jókòó sí ìta ìjọba títí. Kò tilẹ̀ sí àyè fún àwọn aṣòfin, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ẹjọ́ tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù; àwọn ohun tí ó mú ọ̀ràn ọdún 1962 yàtọ̀ sí ọ̀tẹ̀ inú ààfin ni eré náà jù sílẹ̀. Ó sì rọrùn púpọ̀ láti di ẹrù gbogbo lé ọba àjèjì lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ilé ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí eré náà fi sílẹ̀ fún wa ni ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe rí ọ̀ràn náà ní ọdún 1964, irú ìmọ̀ tí ìwé ìgbìmọ̀ ìwádìí kò lè fún wa.

Ògúndé kò dákẹ́. Ní ọdún náà kan náà ó gbé eré mìíràn jáde, ó pè é ní Òtítọ́ Korò, orúkọ tí kò nílò àlàyé. Ó ń ṣeré ní Èkó àti níbi tí ojú ọ̀nà ṣì ti là fún un. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965, ìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wáyé pẹ̀lú màgòmágó. Àwọn ènìyàn bínú, wọ́n ń dáná sun ilé àti ènìyàn, wọ́n sì ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní wẹ́tìẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí apá ìkẹyìn eré náà bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará ìlú ni ó parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ògúndé ti tò ó. Àwọn ọmọ ogun ni. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1966, wọ́n pa Akíntọ́lá ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa Sàdáúnà ní Kaduna. Kò sí orin ìparí fún irú ìyẹn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé ọdún náà, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí wọ́n fi ṣe gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn tú òfin náà ká. Kò tíì lo ogúnjọ́ pé lórí oyè. Ẹgbẹ́ Ògúndé lè padà sí Ìbàdàn, sí Abẹ́òkúta, sí Ọ̀sọ́sà. Ní oṣù Ògún ni wọ́n dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ kúrò ní ẹ̀wọ̀n Calabar, nígbà tí wọ́n ti pa Fájuyì pẹ̀lú, ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ. Ní ọdún 1967 ẹgbẹ́ náà lọ ṣojú Nàìjíríà ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, níbi àfihàn àgbáyé tí a ṣe níbẹ̀. Oṣù Ẹ̀bìbí ọdún náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí wọ́n fi Mushin, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry sí i, ibodè tí ọkọ̀ òṣèré kò lè kọjá fún ọdún méjì sì di àárín ìgboro.